Orúkọ Wa Wà Nínú Àwo

Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ni kò ní ìwé tí wọ́n kọ ìtàn ìdílé sí. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Bíbélì ńlá tí bàbá ilé ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí lẹ́yìn. Àwọn mìíràn, ọdún tí ọba wàjà tàbí ọdún rògbòdìyàn Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n nílé àwọn tó ti ń jáde òde ìnáwó kí àwa tó dáyé, ohun kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án síṣẹ́. Àwo orin ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ìyàwó tí bàbá àgbà fẹ́, iṣẹ́ tó ṣe kó tó lówó, ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn àti àdúgbò tó kọ́lé sí, kó gbé àwo sí i, kó sì fara balẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́ èyí kò jìnnà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá mi ti wá, ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò bá sì fẹ́ràn Haruna Ishola, olórin àpàlà, a jẹ́ pé òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń bára wọn fà. Ọdún 1948 ni Haruna kọ́kọ́ ṣe àwo fún ilé iṣẹ́ His Master's Voice, orin nípa Orímolúṣì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Nígbà tó di 1955, tí Orímolúṣì Adébóyè wàjà, Haruna tún orin náà ṣe, ó sì tà dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò rò. Orin kan náà ni, ọ̀fun kan náà ló sì kọ ọ́. Ikú ọba ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ilé fẹ́ ní. Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn tó tò lọ ra àwo yẹn, àwọn mìíràn nínú wọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbọ́ ọ. Ilé ẹni tó ní ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé e lọ, bí ẹni gbé fọ́tò òkú lọ fi han ará ilé.

Ìbàdàn ni wọ́n bí àwa sí, ní Òkè-Àdó tí àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ sí. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ògùnpa. Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ń ta aṣọ ní Gbági, bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe jẹ́ òṣómàáló títí tó fi dàgbà. Mùsùlùmí ni bàbá, ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kò sì dá ìjà kankan sílẹ̀ rí. Orin ló ń dá ìjà sílẹ̀. Àpàlà ni bàbá mi mọ̀. Ti ìyá mi, jùjú ni, nínú jùjú náà, I.K. Dairo.

Rédíógírámù wa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀, ó ga tó àyà mi nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi fi aṣọ kóróṣì bò ó lórí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé ife omi lé e. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn igi àti òórùn wáyà tó gbóná á jọ sá jáde. Apá tí abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀ ti fúyẹ́ jù, ó máa ń fò, bàbá mi sì fi kọ́bọ̀ kan lé e lórí, ó fi sẹ́lótéèpù dì í mọ́ ibẹ̀. Èmi ni mo ń nu àwo. Etí rẹ̀ ni a ń dì mú, a kì í fọwọ́ kan ojú rẹ̀, aṣọ funfun tó gbẹ la fi ń nù ún lọ ní yíyí. Bí abẹ́rẹ́ bá fò nígbà tí ìlù ń lọ, bàbá mi kì í wí nǹkan kan. Bí ó bá fò níbi tí olórin ti ń pe orúkọ èèyàn, á ní kí n gbé e padà. "Ṣé o fẹ́ fo bàbá ẹni ẹlẹ́ni ni?" Mo rò nígbà náà pé àwàdà ni.

Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ jẹ́ ti bàbá. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn jẹ́ ti ìyá. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láti ọjà ló ni ẹ̀rọ. Ìyá mi a máa sọ fún bàbá mi pé olórin tiyín ń jókòó kọrin bí ẹni ń dá ẹjọ́, nítorí lóòótọ́ ni Haruna máa ń jókòó láàárín àwọn onílù àti ẹlẹ́gbè rẹ̀, kì í jó, kì í sáré. Bàbá mi á fèsì pé àgbà kì í fò lójú agbo, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ kò nílò àkọ́díọ̀nù. Ìyá mi á wá yọ ọ̀bẹ tó mú jù nínú àpò rẹ̀: ní 1963, ìjọba Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ MBE dá I.K. Dairo lọ́lá. "Ta ló dá tiyín lọ́lá, Bàbá Ìdáyàtù?" Bàbá mi á ní ọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ àpàlà ni.

Ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ dáadáa, tí wọn kì í sì fi bá ara wọn jà, ni pé àwọn olórin méjì yìí ló jọ dá ilé iṣẹ́ àwo sílẹ̀, STAR, ní 1969. Àwọn tó ni orin ti dòwò pọ̀ tipẹ́, àwa la ṣì ń ṣe ìpínlẹ̀ lórí rédíógírámù. Nígbà tó di 1981 tí ìjọba àpapọ̀ fún Haruna ní àmì ẹ̀yẹ MON, bàbá mi gbé ìwé ìròyìn wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí àga ìyá mi níbi tó ti máa jókòó lé e. Ìyá mi gbé e kúrò, ó ká a, ó ní ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi lé yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí orúkọ ṣe ráyè wọ inú àwo, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àwo àtijọ́, àwọn tó wúwo tó sì máa ń fọ́ bí àwo oúnjẹ, ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí ni olórin máa sọ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta? Á kí ọlọ́jọ́, á pa òwe kan, àwo ti tán. Ẹni méjì sí mẹ́ta ni orúkọ wọn lè wọlé, ọba tàbí olóyè ni yóò sì jẹ́. Nígbà tí eléépì dé, tí ojú kan gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, olórin nàsẹ̀. Jùjú àti àpàlà kò tún ní kí orin kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń so ó pọ̀, ìlù kan náà á máa lọ lábẹ́, olórin á sì máa ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì, ó ń kí wọn. Àyè wá gba oníṣòwò pákó, gba ọlọ́kọ̀ akérò, gba ìyá aláṣọ. Àsìkò tó ṣẹlẹ̀ sí tún bá a mu: owó epo rọ̀bì ti ń wọlé lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ẹgbẹ́ aláfẹ́ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ kí àwo tiẹ̀ wà níta. Oroki Social Club tí Haruna ṣe ní 1971, ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ló kọ ọ́ fún. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ní ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Àìmọye ẹni tó rà á kò fẹsẹ̀ tẹ Òṣogbo rí. Ebenezer Obey kí àwọn ọlọ́lá tó yí i ká nínú Board Members ní 1972.

Kì í ṣe pé olórin ń jí, tó ń rántí orúkọ. Máníjà ẹgbẹ́ ti lọ káàkiri kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa wọ sítúdíò. Ìwé pélébé ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí: orúkọ, oríkì, ilé bàbá, ìyàwó, àkọ́bí, iṣẹ́, àdúgbò. Ẹlòmíràn ti sanwó sílẹ̀. Ẹlòmíràn ti lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí lóde ìnáwó débi pé olórin ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹlòmíràn kàn jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó sanwó. Bí ìwé pélébé náà ṣe rí ni ìtàn ìdílé ṣe máa rí títí ayé.

Àwa mọ èyí dájú nílé wa. Eléépì kan wà tí olórin Ìjẹ̀bú kan ṣe lẹ́yìn ogun abẹ́lé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà ní mo bá bàbá wọn jà. Lójú kejì, níbi tí ìlù ti rọlẹ̀ díẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ní lọ́rì méjì tó ń kó pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó. Ó pe oríkì rẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ó pe lọ́rì méjèèjì ní orúkọ tí wọ́n kọ síwájú wọn. Ó wá bọ́ sórí àwọn ìyàwó. Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá Onílọ́rì ní. Olórin pe ìyálé, ó gbé e níyì, ó pe ìyàwó kékeré, ó ní ó pupa bí epo àkọ́fún, ó sì kọjá sí ilé ẹlòmíràn. Ìyá Àárín kò sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àṣìṣe ẹni tó kọ ìwé pélébé ni. Ìyá Àárín kò gbà. Ó ní ìyàwó kékeré ló rán ọmọ rẹ̀ fi ìwé náà jíṣẹ́, pé ọ̀nà ni wọ́n ti gé òun kúrò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olórin, olórin ní àwo ti jáde, ó di inú èyí tó ń bọ̀. Kò sí èyí tó ń bọ̀, nítorí Bàbá Onílọ́rì kò tún rówó tó bẹ́ẹ̀ ná mọ́. Fún ọdún púpọ̀, bí Ìyá Àárín bá fẹ́ wá kí wa ní Ìbàdàn, ìyá mi á ti gbé àwo náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó wọlé.

Nígbà ọdún Iléyá kan, àlejò tí kò mọ ìtàn bá àwo náà nílẹ̀ nílé wa, ó ní kí wọ́n gbé e sí i. Bàbá mi fẹ́ kọ̀, Ìyá Àárín ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Bí olórin ṣe pe ìyálé tán, kó tó mí, Ìyá Àárín gbóhùn sókè, ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó pe oríkì rẹ̀, ó fi ilé bàbá rẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ sì bá ìlù mu rẹ́gí bí ẹni pé ibẹ̀ ni àyè rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Ariwo sọ. Wọ́n ní kí n gbé abẹ́rẹ́ padà, ó tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, ibi tí gbogbo ìdílé ń dúró dè nínú àwo yẹn ni ibi tí olórin ti fò ó. Ìyá Àárín ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló kù tó ń gbóhùn sókè níbẹ̀, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó fà á sì máa ń ké e jù.

N kò sọ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú àwo. Olórin kì í ṣe akọ̀wé kóòtù. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n kì nínú eléépì bí ẹni tí kì í jẹ gbèsè, tó jẹ́ pé títí tó fi kú ni bàbá mi fi ń rántí owó táyà tó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà èèyàn, kó má bi àwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ta, ilé tí ẹnì kan ti wá, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, ìwọ̀nyí ni olórin kì í sábà purọ́ lé lórí, torí ará ilé ló máa gbọ́ ọ, ará ilé ló sì máa bú u.

Àwọn obìnrin kò pọ̀ nínú àwo àpàlà bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá wà, ìyàwó lágbájá ni, ìyá tàmẹ̀dù ni. Ìdí nìyí tí wákà, orin tí obìnrin ń kọ, fi ní àyè tiẹ̀ nílé àwọn ìyá wa. Batile Alake ni àwọn ìyá aláṣọ ní Gbági ń gbọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Salawa Abeni dé, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1976 sọ̀rọ̀ nípa Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa nínú oṣù Èrèlé ọdún náà. Ìyá mi, tí kì í gbé orin Mùsùlùmí sí i, ra àwo yẹn. Ó ní ọmọ tó sọkún olórí ìlú kò ní ẹ̀sìn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí, nítorí ibẹ̀ ló ti wọlé: láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá fẹ́ pariwo nípa àpàlà, bàbá mi á ní kó lọ gbé ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn tó rà kúrò nílẹ̀ ná.

Fújì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé wọlé, kásẹ́ẹ̀tì ló sì fi gbé e wọlé. Orin tí àwọn ọmọ ń kọ láti fi jí èèyàn fún sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀, wéré, ni Sikiru Ayinde Barrister, tó ti ṣe sójà nígbà ogun abẹ́lé, sọ di nǹkan ńlá tí wọ́n ń pè ní fújì. Òun àti Kollington Ayinla sì pín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa sí méjì. Bàbá mi kò ka fújì sí orin. Síbẹ̀, ó mọ wéré, ó ti ṣe é lọ́mọdé, àwa sì máa ń rí i tó ń fi ìka lu ọwọ́ àga bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń lọ ní yàrá kejì. Kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí àwo: ó kéré, ó rọrùn rà, ó ṣe é gbé rìn, bí téèpù inú rẹ̀ bá sì tú, báírò ni a fi ń ká a padà. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí àwo kò ní. Èèyàn lè fi nǹkan mìíràn lé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí àǹtí wa kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀wọ́n ni fóònù, lẹ́tà sì ń pẹ́, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀, wọ́n á gbé orin sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn kí ó má baà dá bí ilé òkú, oníkálukú á sì sọ tirẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kì í mọ bí wọ́n ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ó máa ń kí i ná, á dúró kó dáhùn, ìgbà tí kò bá dáhùn, á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ló tó máa ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì. Kásẹ́ẹ̀tì méjì tó wà nílẹ̀ tí ohùn rẹ̀ wà nínú wọn, ọ̀kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀kejì, ọmọ kan nínú ilé fi eré Kollington tó ń lọ lórí rédíò lé e. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni ìkíni ìbẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń bi ẹ̀rọ bóyá ó jí dáadáa, kí ìlù fújì tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ilé wa kò dárí ji ọmọ náà bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ orin náà dùn, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò dùn.

Ọjọ́ tí olórin bá kú náà máa ń di ọjọ́ tí a fi ń ka nǹkan. Wọ́n pa Ayinla Omowura ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, 1980. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n sọ àbúrò mi obìnrin lórúkọ, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò fi lè gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Haruna kú ní 1983, ọdún díẹ̀ péré lẹ́yìn tó gbé sítúdíò Phonodisk kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí bàbá mi ń mú gbogbo àlejò rẹ̀ lọ wò láti ìta. I.K. Dairo kú ní 1996, ìyá mi sì pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ní Gbági lọ́jọ́ náà, ohun tí kò ṣe nígbà tí ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ kú. Bàbá mi kò bá a jiyàn lórí orin fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Barrister kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá 2010, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di bàbá ọmọ mẹ́rin, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé, ó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, kò wọlé jẹun.

Bàbá mi náà lọ. Wọ́n sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí, láìsí ìlù. Lẹ́yìn fidáù ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò ti lọ, ìyá mi ní kí n gbé orin àwọn tó ń jókòó kọrin sí i. Ó jókòó gbọ́ ọ tán lójú méjèèjì. Ó ní ariwo náà kò le tó bí òun ṣe máa ń sọ ọ́, pé ṣùgbọ́n àkọ́díọ̀nù ì bá tún un ṣe. Láti ìgbà náà, Ẹtì di ọjọ́ àpàlà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, ó sì mọ orúkọ àwọn èèyàn bàbá mi tó wà nínú àwo ju àwa tí a jẹ́ ọmọ lọ. Òun ló sọ fún mi pé ẹni tí olórin kan pè ní "ọ̀rẹ́ àfìdímúlẹ̀" nínú eléépì Bàbá Onílọ́rì ló yá bàbá mi lówó tó fi gba ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ògùnpa. Mo ti ń gbọ́ orúkọ ọkùnrin yẹn láti kékeré, mo rò pé ara orin ni.

Orin náà wà lórí fóònù báyìí. Ọmọ mi fi ìka méjì wá ohun tó ná bàbá mi ní owó ọ̀sẹ̀ kan. N kò ní irọ́ láti pa mọ́ ọn: ó rọrùn, ó sì dára kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè gbọ́ Yusuf Olatunji nínú ilé ìdáná rẹ̀. Àwọn ọmọ kò sì jìnnà sí i tó bí a ṣe rò. Nígbà tí Asake dé, ìyá mi gbọ́ àwọn ẹlẹ́gbè rẹ̀ láti yàrá kejì, ó bèèrè pé ta ló tún gbé wéré dé. Musiliu, ọmọ Haruna, ti fi Sóyòyò mú àpàlà wọ etí àwọn tí kò bá bàbá rẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n páálí àwo kò tẹ̀ lé orin dé orí fóònù. Fọ́tò kò bá a dé, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí kò bá a dé. Lórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gé eléépì ogún ìṣẹ́jú sí wẹ́wẹ́ nígbà mìíràn, wọ́n gé e láàárín oríkì ẹni ẹlẹ́ni, orúkọ tí wọ́n fún ègé kọ̀ọ̀kan kò sì sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹni tó ń ka èyí. Bí àwo bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí pẹpẹ nílé bàbá yín, ẹ má fún àwọn tó ń ra àkúfọ́, ẹ má sì tà á ní olówó pọ́ọ́kú fún àwọn òyìnbó tó ń wá àwo àtijọ́ kiri títí ẹ ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú un lọ bá àgbàlagbà tó kù nínú ẹbí. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ wá orin náà lórí fóònù, ẹ gbé e sí i níwájú wọn, ẹ sì dá a dúró níbi orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n pé ta nìyí, ọmọ ta ni, kí ló ṣe fún wa. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń dáhùn. Ẹ kọ ìdáhùn sórí ìwé, kí ẹ fi sínú páálí àwo náà. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú, ẹni tí olórin gbàgbé láti dárúkọ.